Ìgboyà Ẹni Tí A Rán, Ẹjọ́ Ẹni Tí Ó Rán An

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó rán ni ní iṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a rán ni sí. Ọ̀rọ̀ náà dára fún ọmọ-ọ̀dọ̀, ó sì dára fún ìránṣẹ́ ọba. Ṣùgbọ́n ó ku apá kan tí a kì í sábà sọ. Bí iṣẹ́ tí a rán ni bá jẹ́ iṣẹ́ ìkà ńkọ́? Bí ìránṣẹ́ bá fi ìgboyà jẹ́ iṣẹ́ náà, tí olúwa rẹ̀ sì dá a lọ́lá nítorí rẹ̀, ta ni kí á yìn, ta ni kí á sì dá lẹ́bi? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ní oṣù yìí.

Ohun tí ó mú un wá sí mi lọ́kàn ni ẹjọ́ kan tí ó ti ń dí àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, olórí ètò ogun ilẹ̀ náà ní ìgbà náà pàṣẹ pé kí á yẹ àwọn àmì-ẹ̀yẹ bí 20 wò, èyí tí a fi fún àwọn ọmọ-ogun nítorí ohun tí wọ́n ṣe ní Wounded Knee ní ọdún 1890. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ kéde pé a kì yóò gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ náà padà. Apá kan ń wí pé akọni ni àwọn ológun wọ̀nyí. Apá kejì ń wí pé apànìyàn ni wọ́n. Ní tèmi, mo rò pé ohun méjì ni wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Kí á baà lè rí ọ̀rọ̀ náà kedere, ẹ jẹ́ kí á fi Wounded Knee sí apá kan ná, kí á gbé ìgbésí-ayé ọkùnrin kan yẹ̀wò, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin nínú ẹgbẹ́-ogun keje tí ó jà ní Wounded Knee, tí ó jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ náà, tí ó sì gba irú àmì-ẹ̀yẹ kan náà, ṣùgbọ́n ní ojú ogun mìíràn, ní ọdún 14 ṣáájú. Charles Windolph ni orúkọ rẹ̀.

A bí Windolph ní Bergen, ní ilẹ̀ Prussia tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1851. Iṣẹ́ bàtà ṣíṣe ni ó kọ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Prussia àti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1870, tí a sì ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, Windolph sá. Ó gba ilẹ̀ Sweden kọjá, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe tètè pè é ní ojo. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní ìgbà náà ni kò rí ìdí tí àwọn fi níláti kú nítorí ìjà tí ọba kan ń bá ọba kejì jà.

Ṣùgbọ́n ogun tí ó sá fún ní ilé ni ó ti lọ dúró dè é ní ẹ̀yìn òkun. Kò rí iṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1871, ó tọwọ́ bọ ìwé, ó di ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ náà sú u, ó sì tún sá ní ọdún 1872. Ó lọ wọ ẹgbẹ́-ogun keje ti àwọn ẹlẹ́ṣin, ó sì pe ara rẹ̀ ní orúkọ mìíràn kí a má baà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba kéde ìdáríjì fún àwọn tí wọ́n sá kúrò nínú iṣẹ́ ológun, ó jáde, ó jẹ́wọ́, ó sì gba orúkọ ara rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, òun tìkára rẹ̀ sọ pé ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ń pa òun: pé àwọn tí wọ́n sá kúrò ní Jámánì nítorí iṣẹ́ ológun ni wọ́n tún di ológun ní Amẹ́ríkà nítorí pé wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn.

Òun nìkan kọ́ ni irú èyí ṣe. Bí ìdá méjì nínú márùn-ún ẹgbẹ́-ogun keje náà ni a bí sí òkè òkun: ará Ireland, ará Jámánì, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará Ítálì. Dọ́là 13 ní oṣù ni owó ọmọ-ogun lásán, pẹ̀lú oúnjẹ, aṣọ àti ibi tí yóò fi orí lé. Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rìn kiri láìrí ẹni tí yóò gbà wọ́n, dọ́là 13 kì í ṣe owó yẹpẹrẹ lójú ẹni tí ebi ń pa. Nínú ẹgbẹ́ H, tí Windolph wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ítálì kan wà tí ń jẹ́ Giovanni Martini, afunfèrè, tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Òun ni ó gbé iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọ̀gágun Custer rán kí ikú tó dé bá a. Àwọn àlejò tí kò tíì mọ èdè ilẹ̀ náà tán ni a ń rán láti lọ lé onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti àwọn onílẹ̀ kí á tó dé ojú ogun.

Àwọn ènìyàn Lakota, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sioux, bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ní Fort Laramie ní ọdún 1868. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ẹni tí a ṣẹ́gun ni ó tọwọ́ bọ ìwé náà. Àwọn Lakota ti bá àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà jà lábẹ́ olóyè wọn Red Cloud, wọ́n sì fi agbára mú wọn kúrò nínú àwọn odi tí wọ́n kọ́ sí ọ̀nà ọdẹ wọn. Ìwé àdéhùn náà fi ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún wọn, àwọn Òkè Dúdú tí wọ́n ń pè ní Paha Sapa sì wà nínú rẹ̀, òkè tí ó jẹ́ mímọ́ lójú wọn. A sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé a kò gbọdọ̀ gba apá kankan nínú ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, àfi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo àgbàlagbà ọkùnrin wọn bá tọwọ́ bọ̀wé sí i.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọdún 6 péré ni àdéhùn náà lò. Ní oṣù Keje ọdún 1874, Custer kó ènìyàn bí 1,000 àti kẹ̀kẹ́ ẹrù bí 110 wọ àárín àwọn Òkè Dúdú. Windolph wà nínú wọn. Àwọn awakùsà tí Custer mú lọ rí wúrà, ìwé ìròyìn gbé e ká, àwọn awawúrà sì ya wọ ilẹ̀ náà bí eéṣú. Ní ọdún 1875, ìjọba fẹ́ ra ilẹ̀ náà; àwọn onílẹ̀ kò tà á. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, a pàṣẹ pé kí gbogbo àwọn Lakota tí wọ́n wà ní oko ọdẹ wá fi ara hàn ní ilé iṣẹ́ ìjọba kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1876; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kà wọ́n sí ọ̀tá. Àárín òtútù nìyẹn, nígbà tí òjò dídì bo ọ̀nà, tí obìnrin àti ọmọdé kò lè rìn jìnnà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í wá ìjà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìpè ni èyí. Ẹ̀sùn tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ẹjọ́ ni.

Bí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1876, ní etí odò Little Bighorn, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Montana lónìí, ẹgbẹ́-ogun keje bá àgọ́ ńlá kan. Àwọn Lakota, àwọn Cheyenne àti díẹ̀ nínú àwọn Arapaho ni ó wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe. Custer pín ẹgbẹ́ 12 tí ó ní: ó mú 5 fún ara rẹ̀, ó fi 3 fún Reno, ó fi 3 fún Benteen, ó sì fi 1 ṣọ́ ẹrù. Windolph wà lọ́dọ̀ Benteen. Kí oòrùn tó wọ̀, Custer àti gbogbo àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin, ènìyàn bí 210, ti kú pátápátá. Martini kò kú, nítorí pé ó ti gbé iṣẹ́ lọ fún Benteen.

Èmi kò lè ṣe aláì dárúkọ ẹnìkan níbí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wa ni. Isaiah Dorman, ọmọ adúláwọ̀, ni ògbufọ̀ tí ó bá ẹgbẹ́ Reno lọ. Ó ti gbé láàrin àwọn Lakota, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì fi ọmọbìnrin wọn ṣe aya. Ó kú ní ọjọ́ náà ní etí odò. Ẹni tí ó mọ èdè ìhà méjèèjì ni ìjà kì í sábà dá sí.

Àwọn tí ó kù sá gun òkè, Reno àti Benteen pọ̀, àwọn jagunjagun sì yí wọn ká. Wọ́n sùn síbẹ̀ láàrin òkú ẹṣin àti igbe àwọn tí ó gbọgbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 26 mọ́, ìbọn tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ogun kan tí ń jẹ́ Jones, tí ó dùbúlẹ̀ ti Windolph, ni ọta bá, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Windolph pàápàá gbọgbẹ́. Oòrùn mú, omi tán. Ahọ́n àwọn tí ó gbọgbẹ́ wú ní ẹnu wọn. Odò ń ṣàn ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọn kò lè dé ibẹ̀, nítorí pé àwọn jagunjagun ti ba sínú igbó etí odò.

Nígbà náà ni àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn láti gbé kẹ́tùlù àti ìgò omi, kí wọ́n sì gba inú àfonífojì kan sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi. A wá yan àwọn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ H, àwọn tí ọwọ́ wọn dá jùlọ nínú ìbọn yíyìn, láti dúró ní gbangba lórí gegele tí ó kọjú sí odò, kí wọ́n máa yìnbọn sí igbó náà, kí ojú àwọn jagunjagun baà kúrò lára àwọn apọnmi. Geiger, Mechlin, Voit àti Windolph ni àwọn mẹ́rin náà. Méjì nínú wọn, Voit àti Windolph, ni a bí sí Jámánì. Wọn kò ní odi, wọn kò ní kòtò. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí omi fi dé. Benteen sọ Windolph di sájẹ́ńtì ní ojú ogun náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1878, a fi Àmì Ọlá fún un, èyí tí í ṣe àmì ìgboyà tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn 24 ni a fi í fún nítorí ogun yìí, àwọn apọnmi ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Èmi yin Windolph fún èyí, n kò sì ní fi tìkọ̀tìkọ̀ yìn ín. Ẹni tí ó sá fún ogun ní ẹ̀ẹ̀mejì rí, òun náà ni ó dúró láìsá nígbà tí ẹ̀mí ẹlòmíràn rọ̀ mọ́ ìdúró rẹ̀. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ní kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn tí ó gbọgbẹ́ mu omi. Kò sí ọgbọ́n ìṣèlú tí ó lè sọ èyí di ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ta ni ó wà nínú igbó etí odò náà? Àwọn ọkùnrin tí aya àti ọmọ wọn wà nínú àgọ́ tí ó wà lẹ́yìn wọn. A kò rán wọn wá láti ibìkan. Ibi tí wọ́n wà ni a ti wá bá wọn. Bí ìgboyà bá jẹ́ kí ènìyàn fi àyà rẹ̀ dí ọ̀nà ikú kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀, a jẹ́ pé ìgboyà pọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè ju bí ó ti pọ̀ ní òkè lọ. Kò sí ẹni tí ó rọ irin ẹ̀yẹ fún àwọn wọ̀nyí. Crazy Horse, ọ̀kan nínú àwọn balógun wọn, kú ní Fort Robinson ní ọdún 1877, nígbà tí ọmọ-ogun kan fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un nígbà tí a fẹ́ fi í sí àtìmọ́lé. Sitting Bull, olórí wọn, sá lọ sí ilẹ̀ Kánádà. Ó padà wá ní ọdún 1881, àwọn ọlọ́pàá tí ìjọba rán sí i láti mú un sì pa á ní ọdún 1890.

Ẹ tún wo ohun kejì, èyí tí ó yẹ kí ó ká gbogbo ọmọ onílẹ̀ lára. Láti ọdún 1862 ni òfin Amẹ́ríkà ti wí pé àjèjì tí ó bá sin nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun, tí a sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, lè di ọmọ ilẹ̀ náà bí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan péré. Ní ọdún 1883 Windolph fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ní ọdún 1884, ẹjọ́ John Elk dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ọmọ ìbílẹ̀ ni Elk, nínú ẹ̀yà Winnebago. Ó ti fi àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé ní Omaha bí ará ìlú yòókù, ó sì fẹ́ dìbò. Ilé-ẹjọ́ náà wí pé bí a tilẹ̀ bí i sórí ilẹ̀ náà, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà lójú òfin. Ọdún 1924 ni òfin tó sọ gbogbo àwọn ọmọ ìbílẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wà kí ó tó ní orúkọ. Àlejò tí ó dé lánàá di onílé, onílé sì ń tọrọ àyè lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ fún 40 ọdún lẹ́yìn ẹjọ́ Elk. Ìbọn ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan; ìbọn kan náà ni ó tì í mọ́ èkejì.

Ohun kẹta ni ó yà mí lẹ́nu jùlọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ ológun, níbo ni Windolph lọ? Ìlú Lead, ní àárín àwọn Òkè Dúdú, ni ó lọ. Ọdún 49 ni ó fi ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ awawúrà tí ń jẹ́ Homestake, ó ń rán ìjánu àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹṣin. Ọwọ́ tí ó kọ́ láti fi awọ ṣe bàtà ní Jámánì ni ó fi jẹun níbẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1876 ni a rí wúrà Homestake, oṣù bí méjì ṣáájú ogun Little Bighorn, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti àwọn Lakota nínú ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1877, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi òfin gba àwọn Òkè Dúdú. Oúnjẹ ni wọ́n fi halẹ̀ mọ́ àwọn onílẹ̀: bí ẹ kò bá tọwọ́ bọ̀wé, a kò ní fún yín ní oúnjẹ mọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni àdéhùn béèrè. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí Homestake tó pa ilẹ̀kùn dé ní ọdún 2002, wúrà tí a wà níbẹ̀ ti tó ìwọ̀n áúńsì mílíọ̀nù 40.

Kì í ṣe pé Windolph di ọlọ́rọ̀. Òṣìṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ ni ó sì kú sí, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1950, nígbà tí ó di ẹni ọdún 98. A gbà pé òun ni ó kú kẹ́yìn nínú àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n jà ní Little Bighorn. A sin ín sí itẹ́ àwọn ológun ní ẹsẹ̀ àwọn Òkè Dúdú náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìgbésí-ayé kan ṣoṣo ti kó gbogbo ìtàn náà sínú: ó bá wọn wọ ilẹ̀ náà nígbà tí a rí wúrà, ó jà nínú ogun tí wúrà náà fà, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Àmì Ọlá rẹ̀ kò sọ ju ohun kan lọ, pé òun àti àwọn mẹ́ta dúró kí àwọn ènìyàn wọn baà rí omi mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni nínú ìwé tí ó gùn.

Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ni òtòṣì aṣe-bàtà ìbá ṣe? Ṣé kí ebi pa á kú ni? Ìdáhùn mi ni pé n kò dá a lẹ́bi bí mo ti dá àwọn tí ó rán an lẹ́bi. Ẹni tí ó wà ní Washington, tí ó mọ ohun tí a kọ sínú àdéhùn ọdún 1868, tí ó sì fi ìfọwọ́sí ara rẹ̀ gún mọ́lẹ̀, òun ni ẹlẹ́bi. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ẹni tí a rán kò ní ẹ̀rí-ọkàn. Windolph ti fi hàn rí pé òun mọ bí a ti í kọ iṣẹ́ ọba sílẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí Wounded Knee. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1890, ẹgbẹ́-ogun keje náà yí àgọ́ olóyè kan ká, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Big Foot. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, àsíá funfun wà ní àgọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń kó ìbọn wọn sílẹ̀. Ìbọn kan dún. Àwọn ọmọ-ogun yìnbọn, àwọn àgbá tí a gbé sórí òkè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Inú kòtò kan ṣoṣo ni a sin òkú 146 sí, 44 nínú wọn jẹ́ obìnrin, 18 sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn mìíràn ni àwọn ẹbí ti gbé lọ. Windolph kò sí níbẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní ọdún 7 ṣáájú. Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ń wí pé ìgboyà ni ìgboyà níbi gbogbo. Ní Little Bighorn, ogun náà burú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a yìn dára: a pọn omi fún ẹni tí ń kú lọ. Ní Wounded Knee, ohun tí a yìn pàápàá ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. A kò lè fi irin ẹ̀yẹ bo òkú ọmọdé kí òórùn rẹ̀ má jáde.

Àwọn kan ń wí pé gbígba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ òkú jẹ́ èèwọ̀, pé bí a bá bẹ̀rẹ̀, a kò ní mọ ibi tí a ó dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró níwájú ìtàn Amẹ́ríkà tìkára rẹ̀. Ní ọdún 1917, àwọn ọ̀gágun wọn jókòó, wọ́n yẹ àwọn Àmì Ọlá tí a ti fi fún ènìyàn wò, wọ́n sì pa orúkọ 911 rẹ́ nínú ìwé, nítorí pé iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ fi wọ́n fún ni kò tọ́ sí i. Bí a bá lè gba àmì lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe ohun kan tí ó tó, a ha lè fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ohun tí kò yẹ? Ní ọdún 1990, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn fi ìbànújẹ́ hàn lórí Wounded Knee. Ìbànújẹ́ tí ó fi ẹ̀yẹ sílẹ̀ lára ẹni tí ó fà á, ìbànújẹ́ ẹnu ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rí. Ní ọdún 1980, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà dájọ́ pé a gba àwọn Òkè Dúdú láìsan owó tí ó tọ́, pé kí á san dọ́là mílíọ̀nù 17 ó lé díẹ̀ pẹ̀lú èlé láti ọdún 1877. Owó náà ti ré kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là níbi tí a fi í pamọ́ sí. Àwọn Lakota kò fọwọ́ kàn án. Tálákà pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, pé ẹni tí ó bá gba owó ti tà. Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin tí ìlú fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ yín, ẹ rò ó wò: ta ni akọni nínú gbogbo ìtàn yìí ju àwọn tí ebi ń pa, tí wọ́n sì kọ̀ láti jẹ owó ilẹ̀ baba wọn?

Ní ilẹ̀ wa, irin kọ́ ni a fi ń yin akọni, oríkì ni. Oríkì kò sì jọ àmì-ẹ̀yẹ. Àmì-ẹ̀yẹ mú ọjọ́ kan, ó gé e kúrò lára àwọn ọjọ́ yòókù, ó sì gbé e kọ́ àyà. Oríkì ológun a máa sọ ọ̀tá tí ó lé, a máa sọ ìlú tí ó tú, kì í sì í fi ẹkún opó pamọ́. Ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ, orí rẹ̀ yóò wú, yóò sì tún ronú. Irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fún Windolph: kí á máa ka ìdúró rẹ̀ lórí gegele, kí á sì máa ka wúrà, àdéhùn àti ẹkún pẹ̀lú rẹ̀. Amẹ́ríkà pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èyí díẹ̀díẹ̀. Orúkọ Custer ni a fi ń pe ojú ogun náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1991 a fi orúkọ odò sọ ọ́, ní ọdún 2003 a sì ṣí ìrántí àwọn jagunjagun ìbílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa bí ó ti jọ. Títí di òní, ọ̀nà wà fún àjèjì tí ó ti gba ìwé ìgbélùú láti wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà sì ń yá ọ̀nà rẹ̀ láti di ọmọ ilẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì sínú ogun rẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Ìdí tí Windolph fi lọ ni àwọn náà fi ń lọ, n kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè kan lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà wa: Ilẹ̀ ta ni a ń rán ọ lọ? Kí ni onílẹ̀ ibẹ̀ ṣe? Bí o bá padà wá pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ ní àyà, a ó yọ̀ mọ́ ọ, a ó pa adìyẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yóò mú ọ jókòó ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò sì béèrè gbogbo ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Kí ìwọ náà rí ẹnu sọ ọ́.